Kí gbogbo ilé jọ dáná: mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ Sátidé, láfún lálẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ọ̀pọ̀ ilé ló wà l'Abẹ́òkúta tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń wà nídìí ìkòkò, àwọn yòókù á wà níwájú tẹlifíṣọ̀n tàbí kí kálukú dorí kọ fóònù rẹ̀. Oúnjẹ á jinná, wọ́n á jẹ ẹ́ tán láàárín ìṣẹ́jú 15, oníkálukú á sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìdáná di àsìkò tí gbogbo ilé fi ń wà pọ̀, ẹ má kàn pe àwọn ọmọ pé kí wọ́n wá ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ní kó wá ranni lọ́wọ́ á fẹ̀yìn ti ògiri, á máa retí kí wọ́n rán òun níṣẹ́, kò sì ní pẹ́ tí á fi yọ́ lọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kí ẹ fún un, iṣẹ́ tó jẹ́ pé bí òun ò bá ṣe é, oúnjẹ ò ní jáde.

Nítorí náà, oúnjẹ tó ń gba ọwọ́ púpọ̀ ni kí ẹ yàn. Ìrẹsì kò dáa fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan á dá a sè, ìyókù á máa wòran. Mọ́ínmọ́ín ló dáa jù lójú tiwa. Ẹ̀wà ń bẹ níbẹ̀ láti ṣà àti láti bó, ewé ń bẹ láti fọ̀, pípọ́n ń bẹ, iná ń bẹ láti ṣọ́. Ọmọ ọdún 4 á rí nǹkan ṣe, ìyá àgbà náà á rí nǹkan ṣe. Òun la máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe jù. Lẹ́yìn rẹ̀ la ó sọ ti láfún àti ewédú, tí kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ máa rà, àti bí ẹ ṣe máa rà á

Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni kí ẹ ti ra nǹkan sílẹ̀, ì báà jẹ́ ní Kútọ̀, ní Lafẹ́nwá tàbí lọ́jà àdúgbò yín. Ẹ mú ọmọ kan dání, kí ìwé tí ẹ kọ ohun rírà sí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó máa fa ìlà sí èyí tí ẹ bá ti rà. Ibẹ̀ ni ìdáná ti bẹ̀rẹ̀ fún un.

Fún ẹni 6, èyí tó tó nìyí. Ẹ̀wà olóyin gíráàmù 500, ìyẹn ife 2 àti ààbọ̀ bí ife yín bá gba omi mìlílítà 250. Tàtàṣé ńlá 3, ata rodo 3 (kí ó jẹ́ 1 bí àwọn ọmọ kékeré bá pọ̀), àlùbọ́sà 2 tí kò kéré, òróró ìdajì ife àti díẹ̀ lé, ẹyin 4, ẹja tútù 1 tó tóbi díẹ̀, edé gígún ṣíbí ìjẹun 2, iyọ̀ ṣíbí tíì 1 àti ààbọ̀, mágí 2. Omi tí ẹ máa fi lọ ẹ̀wà àti èyí tí ẹ máa fi pò ó, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ife 3. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fi ife ńlá wọn ẹ̀wà tó wá fi kékeré wọn omi, mọ́ínmọ́ín rẹ̀ á le.

Lójú ìsọ̀ ẹlẹ́wà, ẹ bu ẹ̀wà sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ bá rí ihò róbótó lára rẹ̀, kòkòrò ti wọ̀ ọ́, ó sì lè korò lẹ́nu. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ jù nílẹ̀ máa ń ṣókùnkùn, èèpo rẹ̀ á tún lẹ̀ pinpin, á sì dá àwọn ọmọ lágara kí wọ́n tó bó o tán.

Ewé eéran ni kí ẹ lò, bí ẹ bá rí i. Agolo àti ọ̀rá náà ń se mọ́ínmọ́ín, àmọ́ òórùn ewé ò sí lára wọn, kò sì sí iṣẹ́ pípọ́n nínú wọn, bẹ́ẹ̀ pípọ́n gan-an ló ń kó àwọn èèyàn jọ sójú kan. Ẹ ra ewé tó tutù, tó ṣeé ká láìfọ́. Mọ́ínmọ́ín bíi 15 ló máa jáde nínú ẹ̀wà tí a sọ yìí, ewé 2 sì ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ẹ wá ewé 40. Àwọn kan á ya, àwọn ọmọ á ya òmíràn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, èyí ò gbọ́dọ̀ di ìjà.

Ta ló máa ṣe kí ni

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti pín in, kì í ṣe nígbà tí ìkòkò ti wà lórí iná. Àwọn ọmọ ọdún 4 sí 6 ló ni ẹ̀wà ṣíṣà. Ojú wọn mú, ọwọ́ wọn kéré, wọ́n á rí òkúta tí àgbàlagbà ò rí. Àwọn ló tún máa yọ èèpo tó léfòó kúrò lójú omi. Ọmọ ọdún 7 sí 9 lè fọ ewé, ó lè bó ẹyin tó ti tutù, ó sì lè wọn nǹkan: ẹ jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ló ń fọwọ́ kan ife ìwọ̀n àti ṣíbí ìwọ̀n lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ iyọ̀ tàbí òróró máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 10, ọmọ lè gé àlùbọ́sà bí ẹ bá dúró tì í, ó sì lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń pọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti lé ní 13 ló máa lọ ẹ̀wà, tí wọ́n á sì po ó. Omi gbígbóná àti iná jẹ́ ti àgbà.

Bàbá ilé ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́ ọ̀lẹ̀lẹ̀ wò nìkan. Ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ní ìbẹ̀rẹ̀ tó sì ní òpin: òun ni kó sè ẹja, kó ṣa eegun rẹ̀ kúrò, kó sì ṣọ́ ìkòkò títí mọ́ínmọ́ín á fi jinná. Bí àwọn ọmọkùnrin bá rí i tí bàbá wọn ń ṣa eegun ẹja, ẹ ò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bá wọn jiyàn pé iṣẹ́ obìnrin ni. Bí ìyá àgbà bá wà nílé, ẹ gbé àga fún wọn síbi tí wọ́n á ti máa pọ́n, kí àwọn ọmọ jókòó yí wọn ká.

Ìṣísẹ̀ ní ìṣísẹ̀

Gbogbo rẹ̀ gba bíi wákàtí 3 àti ààbọ̀ sí wákàtí 4. Bí ẹ bá fẹ́ jẹun ní aago 1 ọ̀sán, aago 9 àárọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ọmọ jẹ nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́ kí wọ́n tó jókòó, torí ọmọ tí ebi ń pa á ti máa bínú kí ẹ tó bó ẹ̀wà tán.

Ẹ da ẹ̀wà sórí atẹ tàbí tíréè fífẹ̀, kí àwọn kékeré ṣà á: òkúta, erùpẹ̀, ẹ̀wà dúdú, èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ìṣẹ́jú 15 ti tó. Àsìkò yìí ló dùn láti pàlọ́. "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò": ìdáhùn rẹ̀ ló wà lórí atẹ níwájú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn rí ojú dúdú tó wà lára ẹ̀wà kí ẹ tó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Ẹ wá rẹ ẹ̀wà náà sínú omi tútù fún ìṣẹ́jú 10 péré. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń ṣe ni pé wọ́n á fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan kí wọ́n tó bó o. Ẹ̀wà á ti rọ̀ nígbà yẹn, bí ẹ bá fọwọ́ ra á, á máa fọ́ sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ náà á sì bá èèpo lọ. Ní ìṣẹ́jú 10, èèpo nìkan ló ti gba omi, ó ti hunjọ díẹ̀, inú rẹ̀ ṣì le. Ẹ ra á láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nínú omi, èèpo á bọ́. Ẹ da omi kún un, ẹ fọwọ́ rò ó, èèpo á léfòó, ẹ̀wà á rọ̀ sílẹ̀. Ẹ da èèpo náà pẹ̀lú omi rẹ̀ sínú asẹ́, kí ẹ tún da omi mìíràn sí i. Ẹ lè ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá bọ́, àwọn ọmọ á fọwọ́ bó o lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí bíi mélòó kan bá ṣẹ́ kù tó ṣì ní èèpo, kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí èèpo bá pọ̀ nínú rẹ̀, mọ́ínmọ́ín á dúdú, kò sì ní kúnná.

Nígbà tí ẹ bá bó o tán lẹ wá lè rẹ ẹ́ fún wákàtí 1, kó lè lọ̀ kúnná. Ẹ má fi í sílẹ̀ sínú omi di ọjọ́ kejì láìsí fíríìjì, nínú ooru Abẹ́òkúta á hó, á sì kan.

Wákàtí kan yìí ni iṣẹ́ pọ̀ jù, òun náà sì ni ilé máa ń dùn jù, torí gbogbo ọwọ́ ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnì kan ń fi kànìnkànìn rírọ̀ fọ ewé níwá-lẹ́yìn, pẹ̀lú sùúrù, láti ìdí lọ sí orí rẹ̀. Ẹnì kan ń bó ẹyin, ó sì ń gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Ẹja wà lórí iná. Ẹni tó ń fọ ata ń yọ ìdí àti hóró tàtàṣé kúrò. Igi ẹ̀yìn ewé tó le, ẹ fi ọ̀bẹ fá a pẹlẹbẹ tàbí kí ẹ gé e kúrò, torí ibẹ̀ ni ewé ti máa ń ṣẹ́ tí mọ́ínmọ́ín fi ń jò. Ẹ má da igi tí ẹ gé nù. Ewé tó bá gan, ẹ nà án sórí ooru ìkòkò fún bí ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á rọ̀.

Nígbà tí ó bá kan lílọ̀, ẹ da omi ẹ̀wà nù, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé, ata rodo, àlùbọ́sà 1 àti ààbọ̀, àti ife omi 1 àti ààbọ̀. Àlùbọ́sà tó kù, ẹ ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́. Nínú bílẹ́ńdà, ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹ bá fi ìka méjì ra á tí kò ní dà bí yanrìn mọ́. Bí NEPA bá mú iná lọ, ẹ̀rọ àdúgbò ni kí ẹ gbé e lọ, kí àwọn ọ̀dọ́ méjì jọ lọ. Kí wọ́n ní kí oní-ẹ̀rọ fi omi ṣan ẹ̀rọ kó tó da ẹ̀wà yín sí i, torí bí ata ẹni tó ṣáájú bá ṣẹ́ kù níbẹ̀, ẹ ò ní mọ iye ata tó wà nínú tiyín mọ́. Kí wọ́n gbé omi tí ẹ ti wọ̀n dání láti ilé. Oní-ẹ̀rọ máa ń fẹ́ da omi sí i kí ẹ̀rọ lè tètè gbé e, ibẹ̀ sì ni mọ́ínmọ́ín ti ń di olómi kó tó délé.

Ẹ da ẹ̀wà lílọ̀ sínú abọ́ ńlá. Ẹ fi ọmọrogùn tàbí ṣíbí onígi lù ú fún ìṣẹ́jú 5, kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, èyí ló ń jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín fúyẹ́. Ẹ wá da òróró, iyọ̀, mágí, edé àti àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sí i. Omi tó ṣẹ́ kù, ife 1 àti ààbọ̀, ẹ lè fi omi ẹja tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣe é, ó dùn ju omi lásán lọ. Ẹ má da omi tó ń hó sí i, á sè é lápá kan. Díẹ̀díẹ̀ sì ni kí ẹ dà á. Bí ẹ bá gbé ṣíbí sókè, kó máa ṣàn láìdúró, kó sì tún lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ṣíbí fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá ń bọ́ lulẹ̀ ní ìṣù-ìṣù, ó ti ki jù. Bí ẹ̀yìn ṣíbí bá hàn gedegbe, omi ti pọ̀, ẹ pa ẹyin tútù 1 sí i kí ẹ sì dẹ́kun omi.

Pípọ́n

Ibí yìí ni ẹ ò gbọ́dọ̀ kánjú. Ẹ tẹ́ ewé kan sí ọwọ́, kí inú rẹ̀ tó ń dán kọjú sókè. Ẹ gbé ìkejì lé e, kí ó bò ó dé ìdajì, kí orí èyí wà níbi ìdí tọ̀hún. Ẹ ká apá ọ̀tún wá sí àárín, ẹ ká apá òsì bò ó, kó rí bí àrọ tí a fi ń da epo sínú ìgò, kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, kí ìdí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ìdí ṣóńṣó yìí ni kí ẹ ṣẹ́ sẹ́yìn, sí apá tí ojú ìkáwé kò sí. Bí ẹ bá ṣẹ́ ẹ sí apá tí ewé méjèèjì ti pàdé, ojú rẹ̀ á là, ẹ̀wà á sì gba ibẹ̀ jò. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ìdí tí ẹ ṣẹ́ náà ró, kí àtàǹpàkò di ẹ̀gbẹ́ mú. Ẹlòmíràn ni kó bu ẹ̀wà sí i, ìgbakọ kan, kó má ju ìdajì ewé lọ. Ẹ fi ẹyin àti ẹja sí i, ẹ pa ẹnu ewé pọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn bákan náà.

Èèyàn méjì-méjì ni kó máa ṣe é: ẹni tó mú ewé àti ẹni tó ń bù. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ẹ fún un ní ewé àti omi lásán kó fi dánra wò. Bí omi ò bá jò fún ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Ẹni tó ń bu ẹ̀wà gbọ́dọ̀ rò ó láti ìsàlẹ̀ kó tó bu ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òróró máa ń fò sókè, ẹ̀wà máa ń rọ̀ sílẹ̀. Bí wọn ò bá rò ó, àwọn mọ́ínmọ́ín àkọ́kọ́ á kún fún òróró, àwọn tó kẹ́yìn á le.

Kí kálukú pọ́n tirẹ̀ ní kan, kó sì fi àmì sí i. Ẹ fi okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ bá ya lára igi ewé so ó: ìdì kan fún àkọ́bí, ìdì méjì fún ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kì í jẹ ẹja á fi ẹyin nìkan sí tirẹ̀. Ẹ ó rí i bí ọmọ ṣe máa ń wá tirẹ̀ nínú ìkòkò, ọmọ tí kì í jẹ mọ́ínmọ́ín tẹ́lẹ̀ náà á jẹ èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ pọ́n.

Sísè

Ẹ tẹ́ igi ewé tí ẹ tọ́jú sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, ẹ tẹ́ ewé tó ya lé e, ẹ da omi sí i kó tó ìka méjì sókè. Kí omi hó kí ẹ tó to mọ́ínmọ́ín. Bí omi bá tutù, ẹ̀wà á pẹ́ kó tó dì, á sì ráyè jò. Ẹ tò wọ́n kí wọ́n fara ti ara wọn, kí apá tí ẹ ṣẹ́ wà lábẹ́. Ẹ bo ewé lé wọn lórí, ẹ dé ìkòkò. Iná kó mọ níwọ̀n. Fún ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ mi ìkòkò náà tàbí kó ṣí i. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń ṣọ́ ọ á máa wo omi rẹ̀. Bó bá ń gbẹ, omi gbígbóná ni kó dà sí i, láti ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, kò gbọ́dọ̀ dà á lé orí mọ́ínmọ́ín.

Wákàtí 1 ló sábà máa ń gbà. Lórí àdògán èédú tí iná rẹ̀ ò dúró sójú kan, ó lè lé díẹ̀. Ẹ mú èyí tó wà láàárín gbùngbùn, ẹ tú u, ẹ fi ọ̀bẹ gún un. Bí ọ̀bẹ bá jáde ní mímọ́ tí ẹ ò sì gbọ́ òórùn ẹ̀wà tútù mọ́, ó ti jinná. Bó bá ṣì rọ̀ díẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, á dì sí i bó ṣe ń tutù. Èyí tó bá ṣì funfun tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ, ẹ dá a padà sórí iná.

Bí mọ́ínmọ́ín bá là lójú tó sì gbẹ, omi tàbí òróró ló kéré. Bí omi bá dúró sísàlẹ̀ ewé tí ẹ̀wà dá dúró lókè, wọ́n pò ó tán, wọ́n wá fi í sílẹ̀ pẹ́ kí wọ́n tó pọ́n ọn. Bó bá kan lẹ́nu, ibi tí ẹ ti rẹ ẹ́ tàbí ibi tí ẹ ti lọ̀ ọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀ ni ó ti bàjẹ́, iná ò lè tún un ṣe.

Láfún àti ewédú fún alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ilé Ẹ̀gbá tí kò mọ láfún ò wọ́pọ̀. Wákàtí 1 ti tó fún un bí ọbẹ̀ ata bá ti wà nílẹ̀, iṣẹ́ méjì ló sì dáa fún àjọṣe níbẹ̀: ṣíṣa ewédú àti ríro láfún.

Ìdì ewédú 3 ni kí gbogbo ilé jókòó yí ká, kí wọ́n já ewé rẹ̀ kúrò lára igi. Igi tó bá bọ́ sínú rẹ̀ kò ní rọ̀ láéláé. Ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi 3, ẹ fọwọ́ gbé ewé kúrò nínú omi, ẹ má da omi nù pẹ̀lú ewé nínú rẹ̀, torí yanrìn tó ti rọ̀ sísàlẹ̀ á tún padà sára ewé. Ẹ gbé omi ife 2 kaná, ẹ fi kán-ún tí kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ sí i. Kán-ún tó bá pọ̀ á jẹ́ kó korò. Ẹ da ewédú sí i, ẹ má dé e, ó máa ń hó dà sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì tún pọ́n. Ní bíi ìṣẹ́jú 6, ẹ fi ìjábẹ̀ já a. Ọmọ tó ti tó 10 lè já a bí ẹ bá sọ ìkòkò kalẹ̀ fún un lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fi irú, iyọ̀ àti edé díẹ̀ sí i, ẹ dá a padà sórí iná fún ìṣẹ́jú 3.

Láfún ife 4, omi ife 7. Ẹ jọ̀ láfún kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí omi bá ń hó gidigidi, ẹ bu ife 2 sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ dín iná kù. Ẹnì kan á máa da láfún sí i díẹ̀díẹ̀, ẹnì kejì tó jẹ́ àgbà á máa rò ó láìdúró. Àlọ́ tirẹ̀ náà wà: "Òkun ń hó yee, ọ̀sà ń hó yee, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́." Ọmọrogùn ni. Ẹ fi ọmọrogùn tẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìkòkò títí kókó á fi tán. Kókó máa ń wáyé bí omi ò bá hó dáadáa tàbí bí wọ́n bá da láfún gììrì lẹ́ẹ̀kan. Ẹ wá da ife omi gbígbóná 1 yí i ká, ẹ dé e lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un rò. Bó bá ṣì le, ẹ lo omi ife kejì tó kù. Ẹni tí kò bá dé e kó fi yọ́, láfún rẹ̀ á máa rùn tútù, á sì máa lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu. Inú abọ́ ni kí ẹ bù ú sí, ó sàn ju kí ẹ di ohun tó gbóná bẹ́ẹ̀ sínú ọ̀rá.

Ọbẹ̀ ayamaṣẹ tí wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì Ọ̀fadà, ẹ má fi ṣe oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ẹ máa jọ sè. Epo yíyọ́ máa ń rú èéfín, ó sì máa ń ta síni lára. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣa òkúta inú ìrẹsì Ọ̀fadà, torí ó pọ̀ níbẹ̀, kí àgbà kan ṣoṣo wà nídìí epo náà pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí.

Iná, ọ̀bẹ àti ata

Ẹ yí ọwọ́ ìkòkò sí apá ògiri, kí ọmọ má baà fà á. Ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn kí ẹ máa ro láfún. Ẹ má da kẹrosíìnì sínú sítóòfù tí iná ń jó lórí rẹ̀, ẹ pa á, kó tutù ná. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn gáàsì, ẹ ti ẹnu ìgò rẹ̀, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, ẹ má tan iná kankan, ẹ má sì pa iná mànàmáná tó wà ní títàn. Ẹni tó fọwọ́ kan ata rodo á fi òróró ra ọwọ́ rẹ̀, kó tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ gbé ọmọ ọwọ́ títí dìgbà yẹn.

Bí omi gbígbóná bá dà sí ẹnikẹ́ni lára, omi tútù tó ń ṣàn ni kí ẹ dà sí i fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ má fi ẹyin, epo pupa tàbí ọṣẹ ìfọyín pa á. Bó bá tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jó lára lọ, tàbí bó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ọmọ kékeré, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Ohun tó ń tú àwùjọ ìdáná ká

Àwọn ọmọ ò ní wá lọ́sẹ̀ kejì bí ẹ bá ń tún iṣẹ́ wọn ṣe lójú wọn. Ewé tí ọmọ fọ̀ tí kò mọ́ tó, ẹ fún un padà, ẹ fi ibi tó kù hàn án. Bí ẹ bá gbà á tí ẹ fọ̀ ọ́ fúnra yín, ó ti mọ̀ pé àwàdà ni iṣẹ́ òun. Ẹ̀wà tó dà sílẹ̀, ẹ gbá a, kí iṣẹ́ máa lọ. Fóònù gbogbo ènìyàn, ti àgbà náà, ẹ kó o sínú apẹ̀rẹ̀ kan ní pálọ̀. Ẹ má sì fi ọjọ́ yìí béèrè èsì ìdánwò tàbí ẹjọ́ tó ti wà nílẹ̀. Ọmọ tó ń bó ẹ̀wà pẹ̀lú yín á fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ẹ bá fún un ní àyè.

Abọ́ fífọ̀ wà lára ìdáná, ó sì gbọ́dọ̀ wà nínú iṣẹ́ tí ẹ pín láàárọ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ọmọbìnrin ilé. Kí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tètè tán fọ bílẹ́ńdà àti abọ́ ẹ̀wà kíákíá, torí ẹ̀wà lílọ̀ tó bá gbẹ máa ń lẹ̀ pinpin.

Mọ́ínmọ́ín tó ṣẹ́ kù, ẹ má tú ewé rẹ̀. Bí fíríìjì bá wà tí iná sì dúró, á dára fún ọjọ́ 2 sí 3. Ẹ tún un gbé sórí omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 15 kí ẹ tó jẹ ẹ́, kó gbóná dé inú. Bí iná ò bá sí, ẹ fi ṣọwọ́ sí àwọn ará ilé kejì lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tó ṣì gbóná, kí ọmọ tó pọ́n ọn gbé e lọ.